Àṣekágbá 1940, 73 sí 0: ṣé ẹnu Marshall ló fà á ni, àbí ọgbọ́n Halas?

Àkànbí_Houston

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jà mí lọ́kàn láti àná. Níbi iṣẹ́ wa, àwọn kan ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbá mọ́yà sáré yẹn. Ọ̀kan nínú wọn ní Miami fi 70 sí 20 na Denver lọ́dún 2023, pé kò tún lè sí irú ẹ̀ mọ́. Bàbá òyìnbó kan tó ń jókòó nítòsí mi kàn rẹ́rìn-ín ni. Ó ní ọmọdé ń ṣe wá, pé wọ́n ti gbá àṣekágbá kan rí tó parí sí 73 sí 0.

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, torí mi ò tíì pé ọdún méjì níbí. Mo délé, mo wò ó lórí fóònù. Òótọ́ ni o! Chicago Bears 73, Washington 0, ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1940.

Èmi tí mo dàgbà sídìí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, tí ẹgbẹ́ kan bá jẹ 5 sí 0 lásán, àdúgbò ò ní sùn. Báwo ni ẹgbẹ́ méjì tí wọ́n jọ dé àṣekágbá ṣe máa wá rí báyìí? Ẹ má bínú tó bá jẹ́ ìbéèrè aláìmọ̀kan.

Aláwàdà_Ìjẹ̀bú

73 kẹ̀? Ọjọ́ orí bàbá mi nìyẹn.

Tísà_Ìbàdàn

Àkànbí, má fi góòlù wọn wé tiwa. Níbẹ̀, ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù wọ ilẹ̀ òpin alátakò ti rí touchdown, àmì 6 nìyẹn. Tí wọ́n bá tún gbá a gba àárín òpó lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á fi 1 lé e. Nítorí náà, ohun tí Bears ṣe lọ́jọ́ yẹn ni touchdown 11, ìyẹn 66, àti ẹyọ kọ̀ọ̀kan 7 lórí ẹ̀. Tí o bá fẹ́ mọ bó ṣe rí lójú wa, sọ pé wọ́n gbá góòlù 11 wọlé, òdìkejì ò rí ẹyọ kan.

Ó ṣì burú o. Mi ò sọ pé kò burú.

Bàbá_Ìbejì_Chicago

Àkànbí ọmọ mi, o ò béèrè ohun tí kò yẹ. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti wà ní Chicago ńbí, takisí ni mo sì wà fún èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tí Bears bá ti fìdí rẹmi, tí àgbàlagbà kan bá wọ ọkọ̀ mi, kó tó sọ ibi tó ń lọ ni á ti máa fi 73 sí 0 tu ara ẹ̀ nínú. Ẹnu wọn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kí n tó wá lọ kà á fúnra mi.

Ìjà náà ò bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kejìlá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, lọ́jọ́ 17 oṣù Kọkànlá, àwọn méjèèjì ti pàdé ní Washington níbẹ̀ náà, Washington sì borí, 7 sí 3. Ẹ wá wo bó ṣe parí. Bears ti sún mọ́ ilẹ̀ òpin, àkókò ti tán, Sid Luckman ju bọ́ọ̀lù sí Bill Osmanski, bọ́ọ̀lù já bọ́. Àwọn Bears ní Frank Filchock ti Washington ló di Osmanski lápá mú tí kò fi lè nawọ́ gbà á. Wọ́n pariwo títí, rẹfirí ò dá wọn lóhùn.

George Preston Marshall ló ni ẹgbẹ́ Washington. Ilé ìfọṣọ ló fi là, ẹnu ẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Ó bá àwọn oníwèé ìròyìn sọ̀rọ̀: ó ní ẹlẹ́kún ni àwọn Bears, ó ní ìlàjì àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n gbá, tí nǹkan bá ti le, wọ́n á juwọ́ sílẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀ o. George Halas, tó ni Bears tó sì tún jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, gé gbogbo ìwé ìròyìn yẹn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá tí àwọn ọmọ ẹ̀ ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wò ó.

Ọjọ́ pé. Griffith Stadium kún fọ́fọ́, èèyàn 36,034. Eré àkọ́kọ́ tí Bears ṣe, George McAfee gbé bọ́ọ̀lù, ó rí yáàdì díẹ̀. Eré kejì, Luckman gbé e fún Osmanski. Ó yẹ kó gba apá òsì wọ àárín àwọn tó ń ṣínà fún un, ó rí i pé ibẹ̀ ti dí, ló bá yà sí etí pápá, ó sì fi eré sí i. Àwọn méjì nínú ọmọ Washington, Ed Justice àti Jimmy Johnston, ń gé e lọ́nà bọ̀. Àfi gbìì! George Wilson yọ láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì gbá àwọn méjèèjì dànù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Yáàdì 68 ni Osmanski sá. Eré náà ò tíì pé ìṣẹ́jú kan.

Bàbá kan tí mo gbé lọ sí pápákọ̀ òfurufú O'Hare nígbà kan máa ń sọ pé tí òun bá ti rántí bí Wilson ṣe kọlu àwọn yẹn, èjìká tòun gan-an á máa ro òun. Kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà náà, rédíò ló sì ti gbọ́ ọ.

Aláwàdà_Ìjẹ̀bú

Bàbá, mo ti ń gbọ́ "gbìì" yẹn láti ibi tí mo wà. Ẹ máa bá a lọ.

Àkànbí_Houston

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ṣùgbọ́n touchdown kan ṣì ni ìyẹn. Ṣé Washington ò wá dá a padà ni?

Bàbá_Ìbejì_Chicago

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n dá a padà! Max Krause gba bọ́ọ̀lù tí Bears gbá sí wọn, ó gbé e sá títí ó fi wọ ilẹ̀ Bears. Ẹni tó wá ń jù ú fún Washington ni Sammy Baugh, èyí tí kò sí ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ nídìí jíju bọ́ọ̀lù láyé ìgbà náà. Baugh rí Charlie Malone tó dá wà, ó jù ú sí i. Oòrùn wọ Malone lójú, bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n gbìyànjú láti gbá a gba àárín òpó fún àmì 3, kò wọlé. Ó tán.

Kí kọ́tà kìíní tó parí, ó ti di 21 sí 0: Luckman fúnra ẹ̀ tì í wọlé, Joe Maniaci sá yáàdì 42. Ní ìsinmi, 28. Lópin kọ́tà kẹta, 54. Ẹ mọ ibi tó parí sí.

Wọ́n bi Baugh lẹ́yìn ìgbà náà pé tí Malone bá hán bọ́ọ̀lù yẹn ńkọ́, ṣé eré ì bá yí padà? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ì bá parí sí 73 sí 7. Àwọn mìíràn ní 73 sí 6 ló wí. Bó bá ṣe wù kó jẹ́, ọkùnrin náà mọ ara ẹ̀.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Oníṣirò

Ẹ kú ọ̀rọ̀, Bàbá. Mo fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ o, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ẹnu Marshall ló gbá 73. Tó bá jẹ́ pé èébú ló ń gba bọ́ọ̀lù wọlé ni, ẹgbẹ́ wo ni wọn ò bú rí? Gbogbo àṣekágbá ni ẹnìkan ti máa ń bú ẹnìkan. Ìtàn ìwé ìròyìn lára ògiri yẹn dùn ún sọ, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń sọ ọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn wà nínú bí Bears ṣe ń tò. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ fún Àkànbí.

Láyé ìgbà náà, bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ṣe ń gbá a nìyí: ẹni àárín á ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn fún ẹnìkan tó dúró ní ìṣísẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, àwọn alágbára á ṣáájú ẹni yẹn, wọ́n á jọ ya lu òdìkejì. Agbára pọ́ńbélé ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń dí wọn ń rí ibi tí àgbájọ yẹn ń lọ, ẹ̀yin náà á sì lọ pàdé wọn níbẹ̀. Bí Washington ṣe ń gbá tiwọn nìyẹn.

T-formation ni Bears ń lò. Quarterback, ẹni tó ń darí eré (Luckman nìyẹn), dúró gbágbá lẹ́yìn ẹni àárín, ó ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹ̀ ní tààràtà. Àwọn mẹ́ta tó kù tò sẹ́yìn ẹ̀, tí ẹ bá wò wọ́n láti òkè, ẹ ó rí i bíi lẹ́tà T. Kí ni àǹfààní ẹ̀? Luckman á gba bọ́ọ̀lù, á yí ẹ̀yìn padà, á na ọwọ́ sí ẹni àkọ́kọ́ bíi pé òun ń gbé e fún un, kò sì gbé e fún un. Ẹnì kejì tó ń sá lọ sí apá kejì ni á gbé e fún. Ṣáájú ìyẹn, ẹnìkan ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí sá gba ẹ̀gbẹ́ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀ rárá. Ìwọ tó ń dí wọn, ta ni o fẹ́ tẹ̀ lé? Tí o bá tẹ̀ lé e, o ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀. Tí o ò bá tẹ̀ lé e, òun ni wọ́n máa jù ú sí. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré tí o fi ń ronú, Osmanski ti kọjá ẹ.

Eré àkọ́kọ́ tí Bàbá ní McAfee rí yáàdì díẹ̀ yẹn ńkọ́? Kì í ṣe eré lásán. Halas ń fi wo bóyá Washington ṣì ń tò bí wọ́n ṣe tò lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni. Wọ́n ṣì ń tò bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ti múra sílẹ̀ fún wọn ló tẹ̀ lé e.

Tísà_Ìbàdàn

Èyí dára. Ṣé Halas ló dá irú títò yẹn sílẹ̀ ni?

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Oníṣirò

Rárá, sà. Títò T ti wà tipẹ́, wọ́n ti ń pa á tì gan-an ni. Halas ò jọ̀wọ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó tún un ṣe tó fi di ohun ẹ̀tàn ni Clark Shaughnessy. Yunifásítì Chicago ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù, ó sì ń gba Halas nímọ̀ràn látibẹ̀. Nígbà tí 1939 ń parí lọ, yunifásítì yẹn fòpin sí bọ́ọ̀lù pátápátá. Shaughnessy kó lọ sí Stanford ní California, ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n borí lọ́dún tó ṣáájú. Ó fi T lé wọn lọ́wọ́. Ní 1940, kò sẹ́ni tó borí wọn. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní 1941, wọ́n tún na Nebraska 21 sí 13 nínú Rose Bowl, eré ńlá àwọn yunifásítì.

Ọkùnrin yìí kan náà ló wá bá Halas jókòó kí wọ́n tó lọ gbá àṣekágbá, tí wọ́n jọ wo ibi tí Washington ti ń ṣìnà. Ẹ sì wo àwọn tó wà lọ́wọ́ Halas: Luckman, McAfee, Bulldog Turner, Danny Fortmann, Joe Stydahar, George Musso. Gbogbo wọn ló wà nínú Hall of Fame, ilé ìrántí àwọn akọni bọ́ọ̀lù yẹn, lónìí, pẹ̀lú Halas fúnra ẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ McAfee àti Turner nínú líìgì nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká gbé oríyìn fún ẹni tó ni ín. Marshall kàn sọ̀rọ̀ ni.

Bàbá_Ìbejì_Chicago

Ọmọ Ọ̀yọ́, mo gbọ́. Mi ò jiyàn T. Ṣùgbọ́n ṣe ni ò ń ṣàlàyé 21 àkọ́kọ́ fún mi. Ṣàlàyé 45 tó gbẹ̀yìn. Nígbà tí ó ti di 28 sí 0 ní ìsinmi, ẹni tí inú ò bí á ti fẹsẹ̀ palẹ̀, á máa ṣọ́ aago, kó má bàa ṣèṣe. Àwọn wọ̀nyí jáde padà wá, wọ́n tún fi 26 kún un ní kọ́tà kan! Ìyẹn kì í ṣe ọgbọ́n títò mọ́. Ìbínú nìyẹn. Marshall ti ní ìlàjì àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n gbá. Wọ́n wá fi ìlàjì kejì hàn án.

Aláwàdà_Ìjẹ̀bú

Háà! Oníṣirò, dáhùn o. Bàbá ti yọ idà.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Oníṣirò

Ẹ̀rín pa mí. Bàbá, ẹ gba ibi tó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo 26 yẹn fínnífínní. Touchdown mẹ́rin ni. Mẹ́ta nínú mẹ́rin, kì í ṣe pé Bears gbé bọ́ọ̀lù rìn wọlé. Washington ló jù ú lé wọn lọ́wọ́! Hampton Pool hán ọ̀kan, ó sá wọlé. McAfee hán ọ̀kan, ó sá wọlé. Turner hán ọ̀kan, ó sá wọlé. Ray Nolting nìkan ló gbé tiẹ̀ sá láti yáàdì 23.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé tí o bá ti fi 28 jìnnà sẹ́yìn, o ò lè máa rìn díẹ̀díẹ̀ mọ́. Jíjù ló kù. Nǹkan bí àádọ́ta ìgbà ni Washington ju bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ yẹn. Baugh jù ú, Filchock jù ú, Roy Zimmerman náà jù ú. Bears sì mọ̀ pé jíjù ni, torí náà wọn ò ṣe méjì ju kí wọ́n dúró dè é. Mẹ́jọ ni wọ́n hán. Bí gbèsè elérè gọbọi ni: bí o ṣe ń sáré láti san án ni ó ń pọ̀ sí i.

Luckman tí ẹ ní inú ń bí, kò padà wọlé ní ìlàjì kejì mọ́. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ni Halas ń kó wọlé. Ẹni mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gba touchdown lọ́jọ́ yẹn, Harry Clarke nìkan ló gba méjì. Ní ti ẹsẹ̀ lásán, yáàdì tí Bears sá lé ní 380. Ṣé ìbínú máa ń pín kárí báyẹn?

Bàbá_Ìbejì_Chicago

Ó máa ń pín kárí tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Tísà_Ìbàdàn

Èmi á dá a sí méjì bí ẹni dá obì, ẹ má bínú. Ọgbọ́n ló ṣí ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ìkánjú Washington fúnra wọn ló kó ẹrù wọn síta. Ti ìbínú, mo gbà pé ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, wọ́n á ṣì borí. Bóyá kò ní jẹ́ 73.

Àǹtí_Ṣadé_DMV

Ẹ kú ìjókòó o. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti ibi iṣẹ́ alẹ́. Ẹ ò sì mọ̀ pé ilẹ̀ tí ẹ ń sọ yẹn, mo máa ń kọjá níbẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì méjì. Griffith Stadium ò sí mọ́. Wọ́n ti wó o láti 1965. Howard University Hospital ló wà níbẹ̀ báyìí, lórí Georgia Avenue. Àwa nọ́ọ̀sì Nàìjíríà tó wà lágbègbè Washington àti Maryland, kò sí ẹni tí kò mọ ojú títì yẹn, ṣùgbọ́n kí ẹ bi wọ́n pé kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n á máa wò yín.

Ohun kan wà tí ẹ̀yin ọkùnrin ò tíì fẹnu kàn. Lọ́jọ́ yẹn, nínú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ méjèèjì, kò sí aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo. Láti 1934 títí di 1945, líìgì yẹn ò gba ọ̀kankan nínú wa. Adúgbò tí pápá yẹn sì wà, adúgbò àwọn dúdú ni, ẹ̀gbẹ́ Howard gan-an. Pápá yẹn náà ni Homestead Grays, ẹgbẹ́ baseball àwọn dúdú, ti ń gbá láwọn ọdún 1940, tí àwọn èèyàn wa máa ń kún ibẹ̀ bámúbámú.

Marshall tí ẹ ń sọ pé ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́ yìí ló wá burú jù. Nígbà tí ẹgbẹ́ yòókù ti gba dúdú, òun ò gbà. Títí di 1961, tí Stewart Udall, mínísítà ìjọba Kennedy, fi sọ fún un pé orí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni pápá tuntun tó ń lò wà, pé tí kò bá gba dúdú, kó wá ibòmíràn gbá. Ní 1962, Bobby Mitchell wọlé. Ẹgbẹ́ ẹ̀ ló gbẹ̀yìn pátápátá láti gba dúdú. Wọ́n ti wú òkúta ìrántí Marshall kúrò níwájú pápá tuntun yẹn lóṣù Kẹfà 2020, orúkọ àbùkù tí ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ náà sì lọ lọ́dún kan náà.

Nítorí náà, tí mo bá gbọ́ 73 sí 0, mi ò mọ nǹkan kan nípa T o. Inú mi kàn ń dùn ni.

Aláwàdà_Ìjẹ̀bú

Àǹtí wa! Ẹ ti parí eré.

Àkànbí_Houston

Àǹtí, ẹ ṣé. Mi ò mọ apá yẹn rárá. Ṣé Yorùbá kankan wá gbá fún Bears lẹ́yìn ìgbà náà?

Bàbá_Ìbejì_Chicago

Ó wà! Adewale Ogunleye, Ògúnlẹ́yẹ gidi. Ìdí ilà ló ń gbá, ẹni tó ń lé quarterback. Brendon Ayanbadejo náà wà níbẹ̀, ọmọ Àyàn, bàbá ẹ̀ ni ọmọ Nàìjíríà, inú Chicago ni wọ́n sì bí i sí. Àwọn méjèèjì jọ wà nínú Bears tó dé Super Bowl, ìyẹn àṣekágbá líìgì lóde òní, ní oṣù Kejì 2007. Indianapolis nà wá 29 sí 17. Òjò rọ̀ sí wa lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo gbé àsíá kékeré sínú takisí mi lọ́jọ́ yẹn, mo sì yọ ọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹnu mi dùn láti pe orúkọ wọn fún àwọn oníbàárà mi. Òyìnbó á ní "Ogan-lei", màá ní rárá, ẹ tún un pè.

Tísà_Ìbàdàn

Washington ńkọ́? Ṣé wọ́n gbàgbé ẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni?

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Oníṣirò

Wọn ò gbàgbé, sà. Ẹ̀san dé ní 1942. Bears wọ àṣekágbá láìfìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan, 11 nínú 11. Washington ni wọ́n tún pàdé, ní Griffith Stadium kan náà. Washington na wọ́n 14 sí 6. Halas ò sí níbẹ̀ o, ó ti lọ sójú ogun nínú ọ̀wọ́ ọmọ ogun ojú omi. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Bears tún gbà á padà ní Chicago, 41 sí 21, Luckman ju touchdown márùn-ún.

Èyí tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín nìyí: ní oṣù Kọkànlá 1966, Washington na New York Giants 72 sí 41. Kò tíì sí ẹgbẹ́ tó gba tó bẹ́ẹ̀ nínú eré líìgì lásán, títí di òní. 72! Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù kí wọ́n dé iye tí wọ́n fi nà wọ́n.

Ní ti T, ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Láàárín ọdún mélòó kan, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ nínú líìgì ló ti ń tò bẹ́ẹ̀. Washington fúnra wọn gbà á ní 1944, Baugh sì kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Aláwàdà_Ìjẹ̀bú

Super Bowl tó burú jù ńkọ́? Ká mọ̀ bóyá wọ́n sún mọ́ ọn.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Oníṣirò

San Francisco 55, Denver 10, oṣù kìíní 1990, ní New Orleans. Àlàfo 45. Kò dé ìdajì ibẹ̀... ó ju ìdajì lọ díẹ̀, ẹ má bínú, ìṣirò mi ń sáré.

Aláwàdà_Ìjẹ̀bú

Oníṣirò tó ń ṣìṣirò. Mo ti gé e pa mọ́ sórí fóònù mi.

Àkànbí_Houston

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan péré ló kù. Àwọn tó jókòó wòran ńkọ́? Tó bá jẹ́ èmi ni, mo ti lọ sílé ní 28.

Bàbá_Ìbejì_Chicago

Ọ̀pọ̀ jókòó, wọ́n ń bú. Ẹ wá gbọ́: nígbà tí nǹkan ti bàjẹ́ tán, ẹni tó ń kéde nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ fún wọn pé tíkẹ́ẹ̀tì ọdún 1941 ti wà nílẹ̀ o, kí wọ́n wá ra! Igbe tí wọ́n fi dá a lóhùn, mo rò pé àwọn ará Maryland gbọ́ ọ. Gbogbo orílẹ̀-èdè sì ń gbọ́ lórí rédíò pẹ̀lú, torí ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé àṣekágbá wọn sórí rédíò káàkiri. Red Barber ló ń sọ ọ́, ilé iṣẹ́ rédíò 120 ló ń gbà á. $2,500 ni Mutual, àjọ rédíò tó gbé e, san fún un. Lónìí, owó yẹn ò ra ìjókòó kan níbi Super Bowl.

Ti bọ́ọ̀lù wá ni mo fẹ́ràn jù. Gbogbo ìgbà tí Bears bá gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó fún ẹyọ kan àfikún, àárín àwọn òǹwòran ló ń bọ́ sí, wọn kì í sì í dá a padà. Nígbà tó di kọ́tà kẹrin, bọ́ọ̀lù fẹ́ tán! Rẹfirí wá bẹ Bears pé kí wọ́n jọ̀ọ́ má gbá a mọ́, kí wọ́n máa jù ú tàbí kí wọ́n máa gbé e sá fún ẹyọ kan yẹn. Wọ́n gbà. Lẹ́yìn touchdown Gary Famiglietti, jíjù ni wọ́n jù ú, Maniaci sì hán an. Ẹyọ yẹn ló gbé e dé 67. Clarke wọlé lẹ́ẹ̀kejì, 73. Wọ́n tún gbìyànjú láti jù ú, kò wọlé.

Tísà_Ìbàdàn

Ẹ dúró ná. Èyí ni pé tí bọ́ọ̀lù ò bá fẹ́ tán, ì bá jẹ́ 74?

Bàbá_Ìbejì_Chicago

Tísà, èmi ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó rí.

Àǹtí_Ṣadé_DMV

Nínú ilé ìwòsàn yẹn, wọ́n sàmì sí ibi tí ẹni tó ń gbá baseball máa ń dúró sí láyé Griffith. Tí mo bá tún kọjá ní Ọjọ́bọ̀, màá yà á ní fọ́tò fún yín.

Àkànbí_Houston

Ẹ bá wa yà á, Àǹtí. Màá fi han bàbá òyìnbó yẹn ní ọ́fíìsì. Lọ́la ni màá sì bi í pé kí ló dé tí Bears ò fi gbá ẹyọ tó kẹ́yìn.

Aláwàdà_Ìjẹ̀bú

Tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó ra oúnjẹ ọ̀sán fún ẹ. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Má gba búrẹ́dì lọ́wọ́ ẹ̀ o.